Àwọn aṣòfin dúdú ìpínlẹ̀ Georgia: Bí wọ́n ṣe lé wọn jáde nílé ìgbìmọ̀ lọ́dún 1868

Ní ọjọ́ kẹta, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1868, àwọn ọmọ ilé aṣojú-ṣòfin ìpínlẹ̀ Georgia, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, dìbò láàárín ara wọn. Ẹni 83 sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹni 23 sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó orí tàbí ti ojú ọ̀nà ni wọ́n dìbò lé lórí. Wọ́n ní kí àwọn ènìyàn dúdú 25, tí gbogbo wọn ti jọ ń jókòó láti oṣù keje, dìde lórí àga wọn, kí wọ́n máa lọ sílé. Àwọn ará ìlú ló dìbò yan àwọn èèyàn náà. Wọn kò fẹ̀sùn èrú ìbò kàn wọ́n, wọn kò sì sọ pé wọ́n kówó ìlú jẹ. Ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n kà sí wọn lọ́rùn ni pé aláwọ̀ dúdú ni wọ́n.

Ìtàn àwọn aṣòfin wọ̀nyí, tí àwọn ará Georgia máa ń pè ní 33 àkọ́kọ́, kì í ṣe èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́dọ̀ wa gbọ́ rí. Orúkọ Abraham Lincoln kò ṣàjèjì sí wa, bẹ́ẹ̀ náà ni ti Martin Luther King. Ṣùgbọ́n nǹkan bí 100 ọdún ló wà láàárín ìgbà tí Lincoln kú àti ìgbà tí King ń jà, ohun tó sì ṣẹlẹ̀ láàárín àkókò náà ló fà á tí King fi ní ìjà kankan láti jà.

Georgia wà lára ìpínlẹ̀ 11 tó ya kúrò lára Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì jagun láti ọdún 1861 nítorí pé wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ẹrú tí wọ́n ní. Nígbà tí ogun náà parí lọ́dún 1865, àwọn ni wọ́n ṣẹ́gun. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, àtúnṣe kẹtàlá sí ìwé òfin Amẹ́ríkà fòpin sí oko ẹrú. Àmọ́ kí ènìyàn kúrò lóko ẹrú jẹ́ ọ̀tọ̀, kí ó di ọmọ ìlú tó lẹ́nu ọ̀rọ̀ jẹ́ ọ̀tọ̀. Nígbà tí wọ́n gbé àtúnṣe kẹrìnlá, èyí tó sọ ẹni tí a bí ní Amẹ́ríkà di ọmọ orílẹ̀-èdè náà, wá síwájú àwọn aṣòfin Georgia lọ́dún 1866, ńṣe ni wọ́n kọ̀ ọ́. Aláwọ̀ funfun nìkan ló wà nílé ìgbìmọ̀ ìgbà náà, bẹ́ẹ̀ ètò ìkànìyàn ọdún 1870 fi hàn pé nínú èèyàn 1,184,109 tó ń gbé Georgia, 545,142 jẹ́ aláwọ̀ dúdú.

Inú bí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 1867, wọ́n fi ìpínlẹ̀ 10 ní gúúsù sábẹ́ àwọn ológun, wọ́n sì là á kalẹ̀ pé ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ padà sínú ìjọba àpapọ̀ gbọ́dọ̀ kọ ìwé òfin tuntun, kí àwọn ọkùnrin dúdú sì dìbò níbẹ̀ bí àwọn funfun ṣe ń dìbò. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í forúkọ àwọn olùdìbò sílẹ̀ ní Georgia. Àwọn dúdú tó forúkọ sílẹ̀ lé ní 90,000, àwọn funfun náà lé ní 90,000. Ìwọ̀n méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, èyí sì ba àwọn olówó ẹrú àná lẹ́rù gidigidi.

Láti oṣù kejìlá ọdún 1867 títí di oṣù kẹta ọdún 1868, ìgbìmọ̀ tó ń kọ ìwé òfin tuntun náà jókòó nílùú Atlanta. Àwọn aláwọ̀ dúdú wà níbẹ̀, wọ́n sì kéré púpọ̀ sí àwọn funfun. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti wọ́, kì í ṣe ní oṣù kẹsàn-án. Gbólóhùn kan wà nínú àkọsílẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, tó sọ ní kedere pé ẹni tó bá lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò lẹ́tọ̀ọ́ láti di ipò mú. Wọ́n yọ gbólóhùn náà kúrò. Ohun tí wọ́n sọ fún àwọn dúdú ni pé kò pọn dandan láti kọ ọ́, pé ẹni tó lè dìbò fúnni, wọ́n lè dìbò fún òun náà. Ìdí tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni pé ẹgbẹ́ òṣèlú Republican nílò ìbò àwọn tálákà funfun tó ń gbé lórí òkè ní àríwá ìpínlẹ̀ náà, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n pé gbólóhùn yẹn lè lé àwọn èèyàn náà sá. Henry McNeal Turner, òjíṣẹ́ Ọlọ́run tó jẹ́ aṣáájú láàárín àwọn dúdú, fara mọ́ ọn. Ó gbà wọ́n gbọ́.

Ṣùgbọ́n lásìkò tí wọ́n ń ṣe ìpolongo ìbò, Joseph E. Brown, ẹni tó ṣe gómìnà Georgia nígbà ogun tó sì ti ya sínú ẹgbẹ́ Republican, ń sọ fún àwọn olùdìbò funfun pé kí wọ́n fọkàn balẹ̀, pé ìwé òfin tuntun náà kò fún ènìyàn dúdú láyè láti di ipò ìlú mú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí orúkọ Brown yìí, nítorí a óò tún pàdé rẹ̀ níwájú.

Ìdìbò wáyé ní oṣù kẹrin ọdún 1868. Ìwé òfin tuntun wọlé. Rufus Bullock, ọmọ bíbí ìpínlẹ̀ New York tó wà nínú ẹgbẹ́ Republican, di gómìnà, John B. Gordon tó jẹ́ ọ̀gágun àwọn ọlọ̀tẹ̀ nígbà ogun ló fìdí rẹmi. Ilé ìgbìmọ̀ tuntun pín sí méjì gẹ́gẹ́ bí tàwọn Amẹ́ríkà ṣe máa ń rí: sẹ́nétọ̀ 44, aṣojú-ṣòfin 175. Nínú wọn, sẹ́nétọ̀ mẹ́ta jẹ́ aláwọ̀ dúdú, nǹkan bí 30 aṣojú-ṣòfin sì jẹ́ aláwọ̀ dúdú pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n bí sóko ẹrú. Oníwàásù pọ̀ láàárín wọn, oníṣẹ́ ọwọ́ náà sì wà.

Turner tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan wá láti agbègbè Bibb, níbi tí ìlú Macon wà. Wọn kò bí i lẹ́rú. Ọmọ South Carolina ni, ọdún 1834 ni wọ́n bí i, ó sì ti ṣe àlùfáà fún ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun dúdú tó jà fún ìjọba àpapọ̀. Nínú àwọn sẹ́nétọ̀, Tunis Campbell ti lé ní ẹni ọdún 50. New Jersey ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1812. Lẹ́yìn ogun, ó kó àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira jọ sí erékùṣù St. Catherines, wọ́n dá ìjọba tiwọn sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì ní ẹ̀ṣọ́ tiwọn, kí wọ́n tó gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ wọn. Ó wá tẹ̀dó sí agbègbè McIntosh, létí òkun, níbi tí àwọn dúdú pọ̀ sí, tí wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Sẹ́nétọ̀ kejì, Aaron Alpeoria Bradley, jẹ́ ẹrú tó sá lọ sí Boston, tó ṣiṣẹ́ aránbàtà, tó sì tún kọ́ṣẹ́ amòfin. Ẹnu rẹ̀ mú, kò sì bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Ẹnì kẹta ni George Wallace.

Ilé ìgbìmọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Atlanta lọ́jọ́ kẹrin, oṣù keje, ọjọ́ tí Amẹ́ríkà ń ṣe àyájọ́ òmìnira. Ìbéèrè tó kọ́kọ́ dìde níbẹ̀ kò kan àwọn dúdú rárá. Àtúnṣe kẹrìnlá kan náà sọ pé ẹni tó ti búra láti dáàbò bo ìwé òfin Amẹ́ríkà rí, tó wá dìtẹ̀ lásìkò ogun, kò gbọ́dọ̀ di ipò mú mọ́. Àwọn bẹ́ẹ̀ wà láàárín àwọn aṣòfin funfun. Wọ́n yan ìgbìmọ̀ láti inú ara wọn pé kí wọ́n wádìí ara wọn, ilé sì sọ pé kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá wí. Lẹ́yìn èyí, ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù keje, wọ́n fọwọ́ sí àtúnṣe kẹrìnlá. Ìjọba àpapọ̀ gbà pé Georgia ti ṣe ohun tó yẹ, àwọn ológun sì dẹwọ́.

Bí àwọn ológun ṣe yí ẹ̀yìn padà báyìí ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Wọ́n kọ́kọ́ dojú kọ Bradley, wọ́n ní wọ́n ti dá a lẹ́bi rí ní New York, ó sì kọ̀wé fipò sílẹ̀ kí wọ́n tó lé e. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọjú sí gbogbo àwọn yòókù lápapọ̀. Àríyànjiyàn wọn kò ju ọ̀kan lọ: ìwé òfin ní kí ènìyàn dúdú dìbò, kò ní kí wọ́n dìbò yàn án. Gbólóhùn tí wọ́n ní kò pọn dandan láti kọ ní oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, àìsí rẹ̀ ni wọ́n wá dì mú gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí.

Turner dìde ní ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ tó sì sọ kò tíì kúrò nínú ìtàn Georgia. Ó ní òun kò wá bẹ̀bẹ̀, òun kò sì ní í wólẹ̀ fún ẹnikẹ́ni nítorí ohun tó jẹ́ ẹ̀tọ́ òun. Ó ní ìbéèrè tó wà nílẹ̀ kì í ṣe ti ìwé òfin, bí kò ṣe bóyá ènìyàn ni òun tàbí òun kì í ṣe ènìyàn. Bí òun bá jẹ́ ènìyàn, ẹ̀tọ́ ènìyàn ni kí wọ́n fún òun. Ó rán wọn létí pé ó ti tó 250 ọdún tí àwọn dúdú ti ń ro oko wọn, tí wọ́n ń kórè fún wọn, tí wọ́n sì ń tọ́ ọmọ wọn. Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní ẹni tí a bá fi orí rẹ̀ fọ́ àgbọn kì í jẹ nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí Turner ń sọ gan-an nìyẹn. Ohun tó dun ọkùnrin náà jù ni pé òun wà lára àwọn tó ti ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n foríji àwọn tó jagun, kí wọ́n dá ẹ̀tọ́ wọn padà fún wọn. Àwọn tó bẹ̀bẹ̀ fún náà ló ń nawọ́ lé e jáde.

Wọn kò jẹ́ kí àwọn dúdú dìbò lórí ọ̀rọ̀ ara wọn. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ Republican tí wọ́n jọ wọlé ìbò dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń léni, àwọn mìíràn dákẹ́ wọn kò dìbò rárá. Ẹni mẹ́rin ló bọ́ nínú rẹ̀, Madison Davis láti agbègbè Clarke sì wà lára wọn. Àwọ̀ wọn ló yọ wọ́n. Òfin àtijọ́ Georgia sọ pé ẹni tí ẹ̀jẹ̀ dúdú ara rẹ̀ bá ti tó ìdá kan nínú mẹ́jọ, dúdú ni; àwọn mẹ́rin yìí pupa tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí ẹni tó lè fi ìdí ẹ̀jẹ̀ wọn múlẹ̀. Ká fojú inú wo ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, níbi tí wọ́n ti fi iṣẹ́ ìlú sílẹ̀, tí wọ́n ń ṣírò ẹ̀jẹ̀ ìyá àgbà ẹni ẹlẹ́ni!

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù náà, àwọn sẹ́nétọ̀ lé Campbell àti Wallace. Wọ́n wá gbé àga àwọn tí wọ́n lé fún àwọn funfun tó ti fìdí rẹmi nínú ìbò oṣù kẹrin.

Àwọn tó wà nígboro rí ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé ìgbìmọ̀, ó sì yé wọn. Philip Joiner, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n lé, wà lára àwọn tó kó èrò jọ ní ìlú Albany, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ náà, ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹsàn-án. Wọ́n fẹsẹ̀ rìn lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ Republican ní ìlú Camilla. Olórí agbófinró àdúgbò náà pàdé wọn lójú ọ̀nà, ó ní kí wọ́n kó ìbọn sílẹ̀. Ní ìgboro gúúsù nígbà náà, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ọkùnrin tó ń rìn láìgbé ìbọn, wọn kò sì kó o sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe dé àárín ìlú, níwájú ilé ẹjọ́, ìbọn dún láti ọ̀tún àti òsì. Wọ́n lé àwọn tó sá wọ igbó pẹ̀lú ajá. Àwọn tó kú tó nǹkan bí 12, àwọn tó fara gbọgbẹ́ lé ní 30. Ó di ọdún 1998, ìyẹn 130 ọdún lẹ́yìn náà, kí ìlú Camilla tó jẹ́wọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ náà ní gbangba.

Nígbà tí ìdìbò ààrẹ fi máa dé ní oṣù kọkànlá, ẹ̀rù ti wọlé tọ àwọn olùdìbò. Ìpínlẹ̀ tí Bullock ti borí ní oṣù kẹrin dìbò fún ẹgbẹ́ Democrat. Àwọn agbègbè 11 kan wà tí àwọn dúdú pọ̀ ju funfun lọ níbẹ̀, tí wọn kò ka ẹyọ ìbò kan ṣoṣo fún Ulysses Grant tó jẹ́ olùdíje ẹgbẹ́ Republican.

Bí wọ́n ṣe ṣe Abram Colby ti agbègbè Greene fi hàn bí ìyà náà ṣe rí lára ènìyàn. Àwọn oníṣòwò àdúgbò náà kọ́kọ́ fi owó lọ̀ ọ́: $5,000 bí ó bá ya sí ẹgbẹ́ wọn, $2,500 bí ó bá fipò sílẹ̀ fún ẹni tí wọ́n fẹ́. Ó kọ̀. Ní òru ọjọ́ kan ní oṣù kẹwàá ọdún 1869, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Ku Klux Klan fọ́lẹ̀kùn rẹ̀, wọ́n gbé e lọ sínú igbó, wọ́n sì nà án fún wákàtí mẹ́ta, wọ́n fi í sílẹ̀ bí òkú. Nígbà tó ń jẹ́rìí níwájú ìgbìmọ̀ tí ilé aṣòfin àpapọ̀ rán wá, ó ní kì í ṣe ọmọ ìta ló nà òun: amòfin wà nínú wọn, dókítà wà nínú wọn, àgbẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ó ní wọ́n bi òun láàárín ẹgba bóyá òun yóò tún dìbò fún ẹgbẹ́ náà, òun sì dáhùn pé bí ìbò bá wà lọ́la, bẹ́ẹ̀ ni òun yóò ṣe. Ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré bẹ̀ wọ́n títí; Colby sọ pé ọmọ náà kò bọ́ nínú jìnnìjìnnì òru yẹn títí ó fi kú.

Ilé ẹjọ́ ló kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn tí ilé ìgbìmọ̀ tì, ó sì jẹ́ nípasẹ̀ ẹni tí kì í ṣe aṣòfin. Richard W. White wọlé gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé ilé ẹjọ́ ní agbègbè Chatham, níbi tí ìlú Savannah wà. William Clements tó fìdí rẹmi lọ sí ilé ẹjọ́, ó ní White jẹ́ ènìyàn dúdú, kò sì lẹ́tọ̀ọ́ sí ipò náà. Ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Georgia. Ní oṣù kẹfà ọdún 1869, adájọ́ méjì nínú mẹ́ta sọ pé ènìyàn dúdú lẹ́tọ̀ọ́ láti di ipò mú. Wọ́n rí i nínú àkójọ òfin Georgia pé dídi ipò ìlú mú wà lára ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú, ìwé òfin tuntun sì ti sọ àwọn dúdú di ọmọ ìlú. Ta ni adájọ́ àgbà tó wà lára àwọn méjì náà? Joseph E. Brown ni, ẹni tó ti fi àìlẹ́tọ̀ọ́ àwọn dúdú wá ìbò káàkiri ní ọdún kan péré sẹ́yìn.

Ìdájọ́ náà nìkan kò dá àwọn aṣòfin padà, nítorí ilé ìgbìmọ̀ kò ka ilé ẹjọ́ sí. Àwọn tó jókòó síbẹ̀ tún ti kọ àtúnṣe kẹẹ̀ẹ́dógún, èyí tó dáàbò bo ẹ̀tọ́ ìdìbò àwọn dúdú, ní oṣù kẹta ọdún náà. Turner àti Bullock kò sinmi ẹ̀bẹ̀ ní Washington. Ní ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kejìlá, ọdún 1869, ilé aṣòfin àpapọ̀ ṣe òfin kan tó dá Georgia padà sábẹ́ ológun, tó sì pàṣẹ pé kí gbogbo àwọn tí wọ́n dìbò yàn ní 1868 padà sórí àga wọn. Ọ̀gágun Alfred Terry ló mú un ṣẹ ní oṣù kìíní ọdún 1870. Àwọn dúdú wọlé padà. Àwọn ọlọ̀tẹ̀ àná, tí wọ́n ti wádìí ara wọn tí wọ́n sì rí ara wọn ní aláìlẹ́ṣẹ̀, ni Terry kó jáde.

Ilé yìí ló fọwọ́ sí àtúnṣe kẹẹ̀ẹ́dógún ní oṣù kejì, tí Georgia fi padà sínú ìjọba àpapọ̀ ní oṣù keje. Ní oṣù kẹwàá, wọ́n ṣe òfin tó dá ilé ẹ̀kọ́ ìjọba sílẹ̀ fún tọmọ funfun tọmọ dúdú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọn yóò ti kẹ́kọ̀ọ́. Ọdún kan péré ni àyè tí wọ́n rí. Ẹgbẹ́ Democrat borí nínú ìbò oṣù kejìlá ọdún 1870, Bullock sì sá kúrò nílùú ní oṣù kẹwàá ọdún 1871 kí wọ́n tó yọ ọ́.

Campbell ni wọ́n fìyà jẹ jù nínú àwọn sẹ́nétọ̀. Wọ́n lọ tú ẹjọ́ kan jáde láti ìgbà tó ń ṣe adájọ́ kékeré ní ìlú Darien, wọ́n ní ó ti òyìnbó kan mọ́lé lọ́nà àìtọ́. Ní ọdún 1876, nígbà tó ti lé ní ẹni ọdún 60, wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n pẹ̀lú iṣẹ́ àṣekára. Ní Georgia nígbà náà, ìjọba máa ń fi ẹlẹ́wọ̀n háyà fún àwọn olóko, bẹ́ẹ̀ ni sẹ́nétọ̀ àná ṣe lọ ń ṣiṣẹ́ nínú oko òyìnbó. Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀, ó kọ ìwé nípa ìyà tó jẹ òun àti ìdílé rẹ̀, ó kúrò ní Georgia, ó sì kú ní Boston lọ́dún 1891. Turner ní tirẹ̀ di bíṣọ́ọ̀bù nínú ìjọ A.M.E. lọ́dún 1880. Amẹ́ríkà ti sú u. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù pé kí àwọn dúdú padà sí Áfíríkà, òun fúnra rẹ̀ sì dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Nígbà àkọ́kọ́, ní ọdún 1891, ó dé Freetown ní Sierra Leone, ìlú tí àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n gbà kúrò nínú ọkọ̀ ẹrú ti pọ̀ jọjọ. Ó kú lọ́dún 1915.

Àwọn dúdú kò tán pátápátá nílé ìgbìmọ̀ Georgia lẹ́yìn 1871. Agbègbè McIntosh tí Campbell ti tún ṣe ṣì ń rán ènìyàn lọ. W. H. Rogers tó wá láti ibẹ̀ ló kẹ́yìn wọn, ó sì fipò sílẹ̀ lọ́dún 1907. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ìpínlẹ̀ náà tún ìwé òfin ṣe, wọ́n fi ìdánwò ìwé kíkà dí ọ̀nà ìdìbò mọ́ àwọn dúdú. Ó di ọdún 1962 kí wọ́n tó dìbò yan ènìyàn dúdú mìíràn, Leroy Johnson, sí ipò sẹ́nétọ̀.

Kódà ìyẹn kò fòpin sí lílé. Ní oṣù kìíní ọdún 1966, ilé aṣojú-ṣòfin Georgia kọ̀ láti búra fún Julian Bond, ọ̀dọ́mọkùnrin dúdú kan tí àwọn ará Atlanta dìbò yàn, nítorí pé ó lòdì sí ogun Vietnam. Ìbò 184 sí 12 ni wọ́n fi tì í síta. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, gbogbo adájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà fẹnu kò pé àwọn aṣòfin kò láṣẹ láti ṣe bẹ́ẹ̀, Bond sì wọlé ní oṣù kìíní ọdún 1967. Ní ọdún 1978, wọ́n gbé ère kan kalẹ̀ ní ọgbà ilé ìjọba ní Atlanta fún ìrántí àwọn 33. John Riddle ló gbẹ́ ẹ, àkọlé rẹ̀ sì sọ pé àwọ̀ ara wọn ni wọ́n torí rẹ̀ lé wọn.